Ọmọlabí Kọ́ Ló Ni Àwọn Ìwé Òkun

Alàgbà Ògúnkànmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó padà. Ìyá Olúsànyà, ẹ má tíì gbé báàgì yín. Ẹ ti Ìbàfò wá sí Mówè wá ṣe ìwádìí ọmọ tí ọmọ yín fẹ́ fẹ́. Ẹ bi èmi olórí ẹgbẹ́ àdúrà pé ṣé lóòótọ́ ni Ọmọlabí, ọmọ àbúrò mi olóògbé, jẹ́ ọmọ omi. Mo ní kẹ́ ẹ lọ gbàdúrà sí i, ẹ sì ti dìde. Ẹnu mi tún ti ṣe iṣẹ́ ibi tó máa ń ṣe. Bí ẹ bá kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn kí n tó sọ òótọ́, ó ti parí fún ọmọ náà nìyẹn.

Lọ́dún 2004 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwa aránṣọ kì í fi bébà tuntun gé bátànì. Ifọ̀ ni mo ti ń ra ìwé àlòkù lọ́wọ́ Alhaja Sùwéébátù. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìwé alàwòrán kan láàárín ẹrù, ti àwọn ará Japan, tí wọ́n tú sí òyìnbó, ìtàn àwọn ajalèlókun. Mo ti ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́ kí n tó rí ọ̀gá ọkọ̀ náà. Obìnrin ni, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ó di òpó ọkọ̀ tó ń rì mú, ó ń sunkún. Kí ló ṣe é? Mo kà á, kò yé mi. Nígbà tí mo padà dé Ifọ̀, Alhaja fi mí rẹ́rìn-ín: “Ìyá Àdúrà, apá ọ̀tún lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ ò rí bá a ṣe ń ka kéwú ni?” Háà! Bí mo ṣe yí i padà, ojú mi là.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ràn ìwé yẹn. Opó ni mí, èmi àti Ọmọlabí tí mo ń tọ́ nìkan la wà nílé, ilé mi dákẹ́. Àwọn olè yẹn, bí ọ̀kan nínú wọn bá já sómi, gbogbo wọn ló máa bẹ́ tẹ̀ lé e. Ìtàn náà ò sì lópin, wọ́n ń kọ ọ́ lọ ni. Èyí tí Alhaja bá rí, á bá mi tọ́jú rẹ̀, èmi á kó o sábẹ́ tábìlì tí mo fi ń géṣọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ síta? Èmi yìí kan náà ni mo dúró níwájú ìjọ tí mo ní kí àwọn òbí dáná sun ìwé alàwòrán ọmọ wọn. Alágàbàgebè ni mí.

Ọjọ́ tí ìpàdé àdúrà kan ilé mi, Arábìnrin Ṣèyífúnmi fa aṣọ tó bo tábìlì, ìwé sì dà sílẹ̀ wìì. Èyí tó ṣí sókè, ẹni tó jẹ́ èèyàn lókè, tó jẹ́ ẹja nísàlẹ̀, ló wà nínú rẹ̀. “Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ta ló nìyí?” Gbogbo ojú kọjú sí mi. Mo ní, “Ẹ bi Ọmọlabí.”

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Wọ́n ní ẹ̀mí òkun ni, wọ́n ní kó gbààwẹ̀ láìjẹ láìmu. Wọ́n dáná sun ìwé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo di orí rẹ̀ mú níwájú iná tí mo ń pariwo, “Jẹ́wọ́! Jẹ́wọ́!” Nígbà tí òǹgbẹ fẹ́ pa á, ó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ó lóun ní ọkọ lábẹ́ òkun. Ìjọ pariwo Halelúyà, mo bá wọn pariwo. Ìgbà tí mo gbé omi sí i lẹ́nu, ó sọ fún mi wẹ́rẹ́ pé, “Màmá, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni wọ́n. Mo máa ń rí yín tẹ́ ẹ bá ń kà wọ́n.” Mo ní kí ló dé tí kò wí. Ó ní, “Ta ló máa gbà mí gbọ́?”

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ẹbí bàbá rẹ̀ l'Ókè-Àró, àmọ́ ìròyìn ti lọ ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹbí kan wá ṣe ìwádìí bíi tiyín. Orí àga yẹn náà ni wọ́n jókòó sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá tú ọmọ yẹn sílẹ̀. Ẹ̀rù à ti pàdánù ipò mi bà mí, mo ní, “Ẹ lọ gbàdúrà sí i.” Wọn ò padà wá mọ́.

Ẹ dárí jì mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá kúnlẹ̀ níwájú ìjọ síbi tó kúnlẹ̀ sí, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Lánàá, nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, mo lọ bẹ̀ ẹ́ l'Ókè-Àró. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì bú mi. Ó kàn bi mí pé, “Màmá, ọ̀gá ọkọ̀ tó ń sunkún yẹn, ṣé wọ́n padà yọ ọ́ nínú omi?” Mo ní wọ́n yọ ọ́, gbogbo wọn ló bẹ́ sómi nítorí rẹ̀. Ó mirí.

Ó ní, “Èmi ṣì ń retí.”