Ṣé Afẹ́fẹ́ Ló Bí Mi?

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọge ní Ajue, ẹ̀yin ọmọ mi, a máa ń kọrin bú àwọn àgbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ ní kí n sọ ti Bùsọ́lá àti orin rẹ̀, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó, inú fóònù lẹ ti gbọ́ ọ. Èmi wà níbẹ̀. Inú ilé yìí, ní Odigbo yìí, ló ti ṣẹlẹ̀.

Bùsọ́lá àbúrò yín, ọmọ Ṣẹ́gun ọmọ mi, kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì ní Ore. A ò mọ̀ pé bí oníbàárà ò bá sí lọ́sàn-án, ó ń lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń gba orin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ohùn ọmọ náà dára. Òun ló ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ẹ bá rí i nínú sùtánà funfun, ẹ ó ní áńgẹ́lì ni.

Áńgẹ́lì náà ló wá kọ orin yìí o. Ẹ gbọ́:

Mọ́mì ní n má bá ọkùnrin rìn,
Mọ́mì ní n má bá ọkùnrin sọ̀rọ̀.
Mọ́mì, mo fẹ́ bi yín léèrè,
Ṣé afẹ́fẹ́ ló bí mi?

Ìyẹn ì bá ṣì dára. Ẹsẹ kejì ló burú...

Lọ́jọ́ tí ẹ ń jó ìgbéyàwó,
Èmi náà ń jó nínú yín.

Háà. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, kò sí ọlọ́kadà tí kò fi orin náà sáfẹ́fẹ́ láti Odigbo dé Ore. Àwọn tó ń pe èrò ní gáréèjì ń kọ ọ́ mọ́ orúkọ ìlú. Wọ́n ní àwọn ọmọ iléèwé kan ní Omifunfun fi í wọ kíláàsì láàárọ̀, tí tíṣà ò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ nà. Wọ́n gbé e dé orí rédíò. Ọkùnrin kan pè, ó ní kí ọlọ́pàá mú ẹni tó kọ ọ́. Obìnrin kan náà pè, ó ní òun fẹ́ bá orin náà wí, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tún un gbé sí i, kí òun lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ṣẹ́gun gba fóònù ọmọ náà, ó tì í mọ́ inú àpótí. Bí ẹni pé orin ṣì wà nínú fóònù. Bó ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ọ̀kadà kan ń kọjá lójúde, òun náà ń bi wá bóyá afẹ́fẹ́ ló bí òun. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí Bùsọ́lá kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, kó sì wá kúnlẹ̀ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ọmọ náà wá bá mi nínú yàrá. Ó ní òun ò ní kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, irọ́ wo ni mo pa?"

Kí ni kí n sọ? Èmi tí èmi àti ẹgbẹ́ mi jọ ń kọrin bú bàbá tó ń kọ́ wa ní kátíkísìmù, nítorí pé ojú rẹ̀ kì í kúrò lójú odò tí ọmọge ti ń wẹ̀! Ọjọ́ tí ìyá mi gbọ́, ó mú pàṣán. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ lórin yìí?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ ọ́ bí ẹ bá ń pa èkùrọ́." Ó gbé pàṣán sókè, apá rẹ̀ ò lè wálẹ̀ mọ́. Ẹ̀rín ló mú un.

Nítorí náà mo sọ fún Bùsọ́lá pé kò purọ́. Ṣùgbọ́n mo bi í bóyá ó ti wo ojú ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí orin jáde. Fọláṣadé, ìyàwó Ṣẹ́gun, ẹ mọ̀ pé pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa yìí, ló ń tà. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Afẹ́fẹ́ lọ́jà. Bó bá ń bọ̀, wọ́n á di gèlè mú, wọ́n á ní kó má fẹ́ àwọn lọ. Ọjà méjì ni kò lọ. Ó sọ fún wa pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ wo?

Bùsọ́lá ní, "Mo rò pé wọ́n kàn máa rẹ́rìn-ín ni."

Mo ní, "Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ni wọ́n ń rín."

Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé. Mo tẹ̀ lé e, ẹ má bi mí ìdí. Fọláṣadé ń fọwọ́ mọ ẹ̀gẹ́ fún pupuru, kò gbójú sókè. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì. Mo fi yín kọrin, n kò bi yín."

Ìyá rẹ̀ ń mọ ẹ̀gẹ́ lọ. Ẹ̀rù bà mí. Ó wá ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé o jó lọ́jọ́ náà? Ìpá lò ń ta. N kò lè jẹun ìgbéyàwó mi."

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín, ni ẹkún bá tẹ̀ lé e. Èmi náà padà sínú yàrá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Wòlíì pe orúkọ Bùsọ́lá. Kí ọmọ tó dìde, ìyá rẹ̀ ti dìde. Fọláṣadé tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ! Ó ní ẹni tí ọmọ náà ṣẹ̀ ti dárí jì í. Ó ní bó bá ku ẹnikẹ́ni tó mọ̀ dájú pé kò sí ọmọ nínú ikùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó tirẹ̀, kó jáde wá gba ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀.

Kò sẹ́ni tó jáde. Àwọn ìyá ìjọ ń wo àjà. Èmi fi Bíbélì bo ojú, torí pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó tèmi, Ṣẹ́gun fúnra rẹ̀... ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Wòlíì wúkọ́. Ó ní ká gbàdúrà.

Wọn ò dá ọmọ náà padà sínú akọrin kíákíá o. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sẹ́yìn. Fọláṣadé padà sọ́jà. Ẹni tó bá pè é ní Ìyá Afẹ́fẹ́, á ní kó wá ra pupuru lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Àwọn kan ṣì ń yínmú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yín in.

N kò ní kí ẹ má kọrin. Ta ni èmi? Ṣùgbọ́n ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwa, bí a bá kọrin bú àgbà tán, àwa la ó sá. Ẹ̀yin, ẹ ó kọ ọ́ tán, ẹ ó jókòó, orin náà ló ń sá kiri ayé. Ta ló lè sá tẹ̀ lé e, kó ní kó padà wálé?