Mèsíé Ìdòwú, Tó Dá Mi Padà Fún Bàbá Mi

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi sáré… Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní mo sáré rí! Ìyá àgbà tí ẹ ń wò yìí, mo sáré dé ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ò lè sáré dé. Nàfíù, ṣé fóònù yẹn ti ń gba ohùn? Ó dáa. Múníbà, jókòó dáadáa. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ ilé ìwé mi, màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Faransé já ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí bàbá mi ránṣẹ́ sí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Libreville níbí. Abọ́ tánńganran ni bàbá mi ń tà ní ọjà Mont-Bouët. Mont-Bouët ayé ìgbà yẹn kọ́ lẹ ń wò yìí o, tí èèyàn ò ríbi gbẹ́sẹ̀ lé. Nígbà yẹn, èèyàn lè dúró lẹ́nu ìsọ̀ tiẹ̀ kó máa wo ìsọ̀ ẹlòmíì lọ́ọ̀ọ́kán. Àlàájì Alábọ́ ni gbogbo ọjà ń pè é. Ó fẹ́ràn mi, àmọ́ ó le. Ó le bí ojú ẹja!

Ó ní kí n lọ kọ́ ìránṣọ ní ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́. Mo débẹ̀, wọ́n ní ìránṣọ ti kún, ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà ni àyè kù sí. Mo ní mo gbà. Bàbá mi ò bi mí, èmi náà ò sọ. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ọkùnrin tó ń gé pákó. Ṣé ẹ gbọ́? Èmi nìkan.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Mèsíé Ìdòwú. Ẹ mọ̀ pé Mèsíé là ń pe olùkọ́ ọkùnrin níbí. Nàgó ni, ará Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó pe orúkọ mi, Sídíkátù, mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, mo ní, "Yẹ́sà!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ Yorùbá, ṣé dáadáa lo jí?"

Háà… Omi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò sẹ́nì kankan níta tó bi mí bóyá mo jí dáadáa. Yorùbá tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ó máa ń fà á bí ará Kétu. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dọ́kàn.

Láàárọ̀, á kọ́ wa ní iṣẹ́ igi. Tó bá di ọ̀sán, á bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, á so fèrè mọ́ ọrùn, òun kan náà ni yóò máa kọ́ wa ní eré sísá. Lóde òní, ẹni tó ń kọ́ yín ní ìṣirò kò mọ ẹni tó ń kọ́ yín ní eré, àbí wọ́n tiẹ̀ mọra wọn? Ti Mèsíé, òun náà ni gbogbo ẹ̀. Ó máa ń bínú o, mi ò ní parọ́. Tó bá bínú, á ṣí fìlà, á là á mọ́lẹ̀. Á dúró díẹ̀. Á tún bẹ̀rẹ̀, á mú un, á gbọn eruku rẹ̀, á dé e. Ìbínú ti tán nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ mọ̀ pé "túdúrúwà" lédè Faransé ni kéèyàn máa lọ tààrà. Ẹ mọ̀ pé "adúrúwàtì" ni kó yà sápá ọ̀tún. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Èmi ò mọ̀ ọ́n! Adúrúwàtì nìkan ni mo mọ̀, torí pé tí èmi àti bàbá mi bá wọ takisí, ohun tó máa ń sọ fún dẹ́rẹ́bà nìyẹn kó lè já wa sẹ́nu ọjà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ká sáré láti ilé ìwé lọ sí etí òkun. Èmi ni mo ṣáájú. Mo ṣáájú wọn gan-an! Mo dé oríta, mo rí Mèsíé níbẹ̀, ó ń ju apá, ó ń pariwo, "Túdúrúwà, Sídí! Túdúrúwà!"

Mo bá yà sápá ọ̀tún.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Mo gbọ́ tí gbogbo wọn ń pariwo lẹ́yìn mi, mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni. Mo bá fi kún eré. Mò ń sáré, mò ń rí i pé èrò ń pọ̀ lọ́nà. Mo rí ọmọlanke. Mo rí obìnrin tó ń to tòmátì. Mo rí abọ́. Abọ́ tánńganran… Mo gbójú sókè, bàbá mi rèé.

Ṣòkòtò péńpé ló wà nídìí mi. Orí mi ò ní gèlè. Bàbá mi ń fi abọ́ kan han oníbàárà, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa kùmọ̀ kan tó máa ń wà lábẹ́ tábìlì yọ, ó fò jáde, ó ní, "Ta ló ń lé ọ?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni, Bàbá. Eré ni mò ń sá."

"Eré kí ni? Níbo ni wọ́n ti ń fi eré ránṣọ?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ni mo bá ní káfíńtà ni mò ń kọ́. Ẹ ò rí ojú bàbá mi. Ó gba ìró lọ́wọ́ obìnrin tó wà nísọ̀ ẹ̀gbẹ́, ó fi wé mi láti àyà dé ilẹ̀, ó ní ilé ìwé ti parí. Mo jókòó sórí àpótí.

Kò pẹ́ rárá, Mèsíé Ìdòwú ya dé. Ó sáré wá ni, fèrè ń jó lọ́rùn rẹ̀, òógùn bò ó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìsọ̀ bàbá mi, nínú ẹrẹ̀ ọjà, tòun ti bàtà funfun. Olùkọ́ ilé ìwé! Ẹ bá mi wá olùkọ́ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ó ní, "Àlàájì, ẹ má bínú sí i. Ẹ̀bi mi ni. Ọmọ tí kò gbọ́ Faransé ni mo fi Faransé pariwo mọ́, nígbà tí Yorùbá wà lẹ́nu mi."

Bàbá mi ní, "Dìde." Ó ní, "Ìwọ lò ń kọ́ ọmọ mi ní iṣẹ́ káfíńtà?"

"Èmi ni, Àlàájì. Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ẹ má gbà á kúrò lọ́wọ́ mi."

Bàbá mi ní, "Mi ò mọ ilé ìwé yẹn. Mi ò gbọ́ èdè wọn. Ìwọ ni mo mọ̀. Ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́. Bí nǹkan bá ṣe é, ìwọ ni màá bi. Ọjọ́ tí o bá sì kúrò níbẹ̀, òun náà kúrò nìyẹn. Kó máa wọ ṣòkòtò gígùn sáré."

Bí mo ṣe padà sílé ìwé nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn, Mèsíé gbé ọ̀rọ̀ Faransé yẹn wọ inú iṣẹ́ igi. Á fún mi ní pákó òkúmé, igi tó pọ̀ nílẹ̀ yìí, á ní kí n dijú, kí n fọwọ́ lọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á ní, "Sídí, ṣé ó dúrúwà?" Ṣé ó gún, ìyẹn ló ń bi mí. Mo lè sọ pé, "Ó gún, Mèsíé." Á fọwọ́ tiẹ̀ lọ̀ ọ́. "Kò dúrúwà. Gbé rábọ̀." Rábọ̀ ni irin tí wọ́n fi ń fá ojú pákó. Màá fá a, màá tún fá a, títí apá á fi ro mí. Kò gbà kí wọ́n ju pákó tó bàjẹ́ nù. Mo gé ẹsẹ̀ tábìlì kan kúrú jù, ó ní kí n gé àwọn tó kù bá a dọ́gba. Tábìlì yẹn kúrú débi pé adìyẹ ló lè jẹun lórí rẹ̀! Ó gbé e lọ sílé, ó ní ìyàwó òun ń fi gbé ẹsẹ̀ sí. Àwọn àga Ṣáínà tí ẹ ń rà báyìí ńkọ́? Òjò rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó wú bí búrẹ́dì.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn bíi bàbá. Mo sọ ọ́ gbangba. Bíi bàbá.

Ọdún tó yẹ kí n ṣe ìdánwò àṣejáde ni ọ̀rọ̀ burúkú yẹn dé. Ìjọba ibí yìí ní kí gbogbo ará Benin máa lọ sílé wọn. Àárín àwọn àgbà ìlú méjèèjì ló dàrú, mi ò mọ ìdí ẹ̀ délẹ̀. Ohun tí mo fojú rí ni mo ń sọ. Àwọn tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ bàbá mi, a jí lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan la bá níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń di ẹrù, wọ́n ń tú u, wọ́n ń tún un dì, torí wọn ò mọ èyí tí wọ́n máa gbé.

Mo wà nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Mèsíé wọlé. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Ó ní, "Sídí, bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́. Jẹ́ ká lọ." Ó dì mí lọ́wọ́ mú. A rìn láti ilé ìwé dé Mont-Bouët. Èmi rò pé ó fẹ́ lọ bẹ bàbá mi ni. A débẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó fi lé bàbá mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Àlàájì, ọmọ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ rèé. Mo dá a padà fún yín. Ara rẹ̀ le, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì pé. Ó ku ìdánwò rẹ̀."

Bàbá mi ní, "O ṣeun. Olóòótọ́ èèyàn ni ọ́. Ṣùgbọ́n o rántí ohun tí a jọ sọ?"

"Mo rántí, sà."

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Mi ò lè bá ọ bẹ̀bẹ̀ mọ́, Sídí. Ẹnu tìrẹ ló kù." Bàbá mi fún un ní abọ́ kan tó ní ìdérí pé kó fún ìyàwó rẹ̀. Ó gbé e sábẹ́ apá, ó wọ àárín èrò. Mi ò rí i mọ́ láyé mi.

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣe ìdánwò yìí."

Ó ní, "Mo ti sọ tèmi. Ẹni tí mo mọ̀ níbẹ̀ ti lọ. Bí nǹkan bá ṣe ọ́, ta ni màá bi?"

"Ẹ bi èmi."

"Kí lo wí?"

Mo ní, "Ẹ bi èmi, Bàbá. Ẹ fi mí lé ara mi lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́, mi ò dá bàbá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé tí mo bá dìde, ọjọ́ ayé mi á parí sẹ́yìn abọ́ tánńganran. Mi ò dìde. Bàbá mi mú àkísà, ó ń nu abọ́ tó ti nù láàárọ̀. Oníbàárà dé, ó yà fún mi kọjá. Òmíràn dé, ó yà fún mi. Wọ́n pe ìrun Àlàásárì, bàbá mi lọ kírun. Ó padà dé, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti kú.

Ó dúró lé mi lórí. Ó ní, "Àwọn tó fẹ́ ra abọ́ ò ríbi kọjá." Mi ò mira. Ó wá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Dìde. Lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, èmi ni màá sìn ọ́ débẹ̀."

Ó sì sìn mí o! Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé tòun ti tẹ̀sùbáà títí mo fi jáde. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àpótí tí wọ́n ń fà jáde ni wọ́n ní ká kàn. Mo dijú, mo fọwọ́ lọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá ó gún. Mo bi ara mi léèrè, mo sì dá ara mi lóhùn pé kò gún. Mo gbé rábọ̀. Mo yege. Ṣọ́ọ̀bù tí mo wá ṣí ní àdúgbò Nombakélé lẹ́yìn ìyẹn ló tọ́ ìyá yín dàgbà, òun náà ló ń san owó ilé ìwé tiyín.

Àmọ́ Mèsíé ò gbọ́ pé mo yege. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Kò sí fóònù nígbà yẹn. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà Kétu ni mò ń rán níṣẹ́ sí i. Wọ́n ní ó ti ṣí lọ, wọn ò mọ ibi tó wà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹnì kan dé, ó ní ó ti kú. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Mo sunkún lórí pákó bí ọmọdé. Ó dá mi padà fún bàbá mi, kò sì mọ ohun tí mo sọ lẹ́yìn tó lọ.

Múníbà. Ẹni tó ń kọ́ ẹ ní bọ́ọ̀lù ọwọ́ nílé ìwé, tó ń gbé ẹ wá sílé tí òjò bá rọ̀, kí lorúkọ ẹ̀?… Kóòṣì? Mo ní orúkọ ẹ̀. Ṣé Kóòṣì ni ìyá ẹ̀ sọ ọ́?… O ò mọ̀ ọ́n. Nàfíù, ìwọ ńkọ́?… Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Háà. Ayé ti yí.

Pa fóònù yẹn. Lọ́la, kí ẹ tó wọ pápá, ẹ lọ bi í ní orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀. Ẹ bi í nígbà tó ṣì ń gbọ́ yín.