Abọ́ Ológbò Tí Mo Dojú Rẹ̀ Dé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti pé ọdún méjì tí ẹlòmíì ti ń ru ẹ̀bi mi kiri àdúgbò wa ní Ọ̀tùn-Èkìtì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Bàbá ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ológbò kan tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́. Ìyàwó wọn tó ti dolóògbé ló tọ́ ọ. Nígbà tí ológbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tó ń mu omi ṣáá, tó ń tọ̀ kiri ilé, dókítà ẹran ní àtọ̀gbẹ ni. Abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ni yóò máa gbà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n, ni wọ́n bá gbé e ka èmi ìyàwó ilé lórí. Ta ló bi mí bóyá mo fẹ́? Bí iná bá lọ, èmi ni mò ń wá omi dídì kiri kí oògùn má bàa bàjẹ́. Àwọn aládùúgbò ń fi mí ṣẹ̀sín pé èèyàn ò rí abẹ́rẹ́ gbà, ológbò ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ojú Ìyá Ràfíù, aládùúgbò wa tó ń yan ẹja tà, ni dókítà ṣe kìlọ̀ fún mi. Ó ní kí ológbò jẹun kó tó gba abẹ́rẹ́. Bí kò bá jẹun, kí n má gún un, kí n pe òun. Bó bá ń gbọ̀n, kí n tètè fi oyin pa á ní èrìgì.

Ìjọ wa wá kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ebi ń pa mí, mo sì jókòó, mò ń ṣa eegun ẹja fún ológbò. Inú bí mi gidigidi. Ẹranko wo ni yóò máa jẹ ẹja nínú ilé tí èèyàn ti ń gbààwẹ̀? Mo da ẹja padà sínú ìkòkò, mo fọ abọ́ Jẹ́jẹ́, mo dojú rẹ̀ dé sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n mo gún un lábẹ́rẹ́, torí abẹ́rẹ́ ni Bàbá máa ń béèrè, wọn kì í béèrè oúnjẹ.

Kó tó di ọ̀sán, kò lè dìde mọ́, ó ń gbọ̀n. Mo sáré gbé oyin, ó ti pẹ́ jù. Jẹ́jẹ́ kú.

Bàbá figbe ta pé wọ́n ti fún un ní májèlé. Ìyá Ràfíù ni wọ́n nàka sí, torí ológbò náà ti jí ẹja wọn rí, wọ́n sì ti lérí sí i. Màmá náà fi Kùránì búra. Èmi dúró síbẹ̀, mo dákẹ́. Látọjọ́ náà, Bàbá ò jẹ́ kí màmá pọn omi ní kànga wa mọ́. Àwọn kan ò ra ẹja wọn mọ́. Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Irọ́ ni. Èmi tí mo yà á, n ò gbàgbé.

Àtọ̀gbẹ ti wá mú Bàbá fúnra wọn báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí Ìdó, Bàbá sì gba abẹ́rẹ́ wọn láìjẹun. Ìyá Ràfíù ló gbúròó wọn níbi tí wọ́n ti ń gbọ̀n, tí wọ́n ń làágùn. Màmá wọlé, wọ́n fi oyin pa èrìgì wọn, wọ́n sì fún wọn ní omi ṣúgà. Ìgbà tí mo dé, ojú Bàbá ti là. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n da ìyókù omi náà sílẹ̀.

“Kó jáde ní ulé mi,” ni Bàbá wí. “Ọwọ́ tó pa Jẹ́jẹ́ ò ní pa mí.”

Mo sin màmá dé ẹnu ọ̀nà. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, “Ìyàwó, mo rí abọ́ ológbò yẹn lórí ògiri láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé kò jẹun.”

Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ.

“Ìwọ ni mò ń dúró dè.”

Inú ń bí mi sí Bàbá. Inú ń bí mi sí màmá tó mọ̀ tó fi dákẹ́, ṣùgbọ́n ara mi gan-an ni mo kórìíra jù. Dókítà ní ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ ká Bàbá lára báyìí. Bí mo bá sọ ọ́ ńkọ́, tí wọ́n bá ṣubú? Bí n ò bá sọ ọ́, tí wọ́n kú láìtọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó gbà wọ́n là ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ ṣáà má sọ pé kí n lọ gbààwẹ̀ sí i.