Omi Tí Belinda Dà sí Bàbá Rẹ̀ Lára

Ẹ̀yin ará San Hilario, dókítà sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé pé kíndìnrín mi méjèèjì ti kọ̀wé fipò sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ara tó kù kò ní pẹ́ tẹ̀ lé wọn. Kí ahọ́n mi tó kọ̀ mí sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí n pọ ohun tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti bẹ Fadá pé kí wọ́n ka ìwé yìí sókè lẹ́yìn ìwàásù Máàsì ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Sepa bá wà lórí ìjókòó rẹ̀ níwájú, kí wọ́n má sì fo ìlà kankan. Èmi Tiburcia Magsino, tísà yín, tó kọ́ ìdajì abúlé yìí níwèé tó sì na ìdajì kejì, èmi ni mo purọ́ nípa ikú Mang Ambo, ọkọ Sepa.

Ẹ ò lè gbàgbé ooru ọdún náà. Láti ìparí oṣù Kẹta ni oòrùn ti jókòó lé wa lórí bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Ilẹ̀ oko ìrẹsì sán débi pé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ń há sínú rẹ̀. Wọ́n ti ilé ìwé. Àwọn ẹfọ̀n kọ̀, wọn ò jáde nínú ẹrẹ̀. Tí iná bá tilẹ̀ wà, ooru náà ni fáànù ń fẹ́ sí wa lójú. Ẹni tó bá gbọ́n, abẹ́ òrùlé ló ń wà láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin. Èmi náà gbọ́n. Ìgbéraga mi ló gbọ́n jù mí lọ. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ ìwọ́de oṣù Karùn-ún tí àwọn ọmọbìnrin ti ń múra bí ayaba, wọ́n sì yan Graciela ọmọ-ọmọ mi ní Reyna Elena, ayaba tó ń rìn kẹ́yìn, tí gbogbo ojú ń dúró dè. Wọ́n yàn án kẹ̀? Èmi ni mo yàn án. Oṣù mẹ́rin ni télọ̀ fi rán aṣọ rẹ̀, tó fi dígí wẹ́wẹ́ sí i láti ọrùn dé ilẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń ṣe ìwọ́de yìí láti ayé àwọn baba wa, pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo aṣọ náà lábẹ́ iná àbẹ́là, ó dà bíi kọ́tìnì. Mo gbé e síta lọ́sàn-án, ó ń kọ mànà bí ojú odò. Mo bá kéde pé aago mẹ́ta ọ̀sán la ó jáde, mo ní kí àwọn arúgbó lè tètè lọ sùn ni. Arúgbó wo? Èmi ni mo dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀, mi ò sì í sùn kí aago mọ́kànlá tó lù.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a jáde ni ìwé kan dé láti ọ́fíìsì ìlera ìlú. Èmi ni akọ̀wé abúlé, ọwọ́ mi ló bọ́ sí. Kò sí àlọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìwọ́de nínú oòrùn. Kí arúgbó má ru ẹrù. Bí ẹnì kan bá ṣubú, tí ara rẹ̀ ń jó tí kò sì làágùn mọ́, kí a gbé e sí ibòji, kí a bọ́ aṣọ rẹ̀, kí a da omi sí i lára, kí a máa fẹ́ ẹ, kí a má fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a má bẹ̀rù pasma, àrùn tí gbogbo wa gbà pé ó ń mú ẹni tó fi omi tútù kan ara gbígbóná. Wọ́n ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, kí n sì kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ká a sínú báàgì mi. Mo sọ fún ara mi pé n ó lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú ni ìwọ́de.

Ọkùnrin méjì ló ń gbé igi ọparun tí a tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí a fi òdòdó bò, sórí ayaba kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n ọdún ni Mang Ambo ti ń gbé ti Reyna Elena, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni lọ́dún náà. Ó de bọ́tìnì ẹ̀wù funfun rẹ̀ dé ọrùn, ó sì fi òróró sí irun. Belinda ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wálé láti ibi tó ti ń ránṣọ ní Cabanatuan, dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì gbé e. Ooru yìí ń pa adìyẹ.” “Adìyẹ ni mí ni?” “Rárá o. Adìyẹ ń wá ibòji ní tiẹ̀.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Sepa ní, “Fi bàbá ẹ sílẹ̀ jàre. Láti àárọ̀ ló ti ń ya irun mẹ́ta tó kù lórí ẹ̀. Ṣé o fẹ́ kó ṣòfò ni?” Belinda kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi. “Tísà, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé ìkìlọ̀ kankan ò wá láti ìlú ni?” Báàgì wà ní apá mi, ìwé wà nínú báàgì. Mo ní, “Mi ò rí nǹkan kan o.”

A jáde. Ọ̀dà ojú títì ń lẹ̀ mọ́ wa ní bàtà. Kí a tó dé ọlọ ìrẹsì, àtíkè àwọn ayaba ti ń ṣàn dé àyà. Mo ń wo Mang Ambo. Ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó yá, mo tún wò ó, òógùn ti gbẹ lára rẹ̀ pátápátá. Ó ń bi Graciela bóyá wọ́n ti kó ìrẹsì wọlé kí òjò tó dé. Òjò wo? Ohun tí mo kà nínú ìwé ni mo ń fojú mi rí yìí, lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ayàwòrán wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì ò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo ní, “Ẹ mọ́kàn le, Mang Ambo, ó ti kù díẹ̀.” Kò tó ogún ìṣísẹ̀ tó fi wó lulẹ̀, tigi tòdòdó. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: aṣọ Graciela ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá ó ya.

Belinda já síta láti àgbàlá ẹnì kan, ó gbé garawa omi, ó sì dà á sí bàbá rẹ̀ lórí àti láyà. Mo rí i tí Mang Ambo la ojú. Sepa figbe ta: “Pasma! Ṣé o fẹ́ pa bàbá ẹ ni? Ara ẹ̀ ń jó, o ń da omi tútù sí i!” Àwọn obìnrin di Belinda mú, wọ́n gba garawa, wọ́n fi táwẹ̀lì wé Mang Ambo bí ọmọ tuntun, wọ́n sì ń fi òróró pa á lára. Belinda ń jà, ó ń kígbe: “Tísà! Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé! Ẹ sọ fún wọn!” Gbogbo ojú yí sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: ẹ da omi sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọn á bi mí pé níbo ni mo ti gbọ́ ọ, wọn á sì bi mí nípa aago mẹ́ta. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká dúró de mọ́tò.” Ogójì ìṣẹ́jú kí mọ́tò tó dé. Wọn ò tíì gun afárá ọ̀nà ilé ìwòsàn tó fi kú.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé? Nígbà tí a ń ṣọ́ òkú, Sepa jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. “Tísà, ẹ má tàn mí. Ṣé omi yẹn ló pa á?” Mo lè dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fi ojú tísà wò ó, mo ní, “Sepa, ohun tí àwọn àgbà ń sọ, wọn kì í sọ ọ́ lásán.” Ó dìde, ó lọ bá Belinda nídìí pósí. “O ti pa bàbá ẹ. Jáde nílé mi.” Ọmọ náà wojú mi, ó jáde. Lọ́jọ́ Ajé, mo dáná sun ìwé náà. Belinda wà ní Taiwan báyìí, ó ń ránṣọ. Lẹ́tà rẹ̀ ń wá, ìyá rẹ̀ kì í ṣí i. Láti ìgbà tí mo sì ti dùbúlẹ̀, Sepa yìí ló ń gbé ògì ìrẹsì tó fi atalẹ̀ sè wá fún mi. Lánàá, bó ṣe ń fi ṣíbí bọ́ mi, ó ní, “Tísà, ẹ̀yin nìkan lẹ ò purọ́ fún mi.” Mo gbé ògì náà mì. Ẹ wo ọ̀nà ọ̀fun!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ooru bá mú ẹnì kan balẹ̀, ẹ da omi sí i ná. Ẹ lè máa bá àwọn àgbà jà lẹ́yìn náà. Graciela, o kò ṣẹ̀, o kàn lẹ́wà ni. Sepa, omi kò pa Ambo. Garawa kan yẹn nìkan ni ìrànlọ́wọ́ tó rí gbà lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ ló sì fún un. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, ó yé mi. Ṣùgbọ́n má dúró de àdúrà ìparí. Nọ́ńbà fóònù Belinda wà lọ́wọ́ Fadá. Dìde, lọ pè é. Aago Taiwan kò yàtọ̀ sí tiwa; ọjọ́ Àìkú ni, kò lọ síbi iṣẹ́, á ti jí.