Èmi Ni Mo Pa Àṣàkẹ́ Rẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, n kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ọkùnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ máa wá dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Galadimawa là ń gbé ní Àbújá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi, Láńre, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Garki. Kì í mutí, kì í rìn kiri. Géèmù ni tirẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń yìnbọn gbàù-gbàù tí gbogbo ilé á máa pariwo o. Géèmù ogun àtijọ́ ni, tó ń fẹ́ sùúrù. Ènìyàn á kó sójà bíi mẹ́fà jọ, á fún wọn lórúkọ, á máa sún wọn níkọ̀ọ̀kan, á wá dúró kí ọ̀tá náà sún tirẹ̀. Sójà tó bá kú nínú rẹ̀, ó kú náà nìyẹn. Èyí tí kò bá kú á gboyè, á sì gbé orúkọ àti oyè rẹ̀ wọ inú géèmù kejì tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e.

Ní ọdún 2015, ọkọ mi tún gbé géèmù yìí jáde. Ó ní apá kẹta rẹ̀ ti tẹ òun lọ́wọ́, òun sì fẹ́ kó àwọn sójà òun àtijọ́ wọ ibẹ̀. Wọ́n ṣì wà lórí fíláàṣì tó ti ń tọ́jú láti ìgbà tó wà ní yunifásítì.

Ọjọ́ kan, mo wà ní kíṣìnnì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá. "Àṣàkẹ́, rọra o. Dúró sẹ́yìn ògiri yẹn. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n rí ẹ." Ohùn náà rọ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá èmi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, Tolú àkọ́bí wa kò tí ì dáyé nígbà náà. Mo pa gáàsì, mo lọ yọjú. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ló kọjú sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Tó bá wọ balùwẹ̀, màá gbé fóònù rẹ̀ yẹ̀ wò. Màá gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́. Àṣàkẹ́ kan ṣoṣo tí mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ní Àbújá ń ta aṣọ ní Area 1, kò sì jìnnà sí ọ́fíìsì ọkọ mi. Mo wọ tasí lọ wò ó. Ìyá àgbà ni, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ, ó ń fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ògì mu. Ẹ̀yin á rò pé ọkàn mi balẹ̀. Rárá o. Mo ní Àṣàkẹ́ mìíràn á wà níbì kan ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo pa iṣẹ́ jẹ, mo ṣí kọ̀ǹpútà náà. Gbogbo àwọn sójà náà tò lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ ọkọ mi wà níbẹ̀. Orúkọ Kúnlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ sí yunifásítì, wà níbẹ̀. Àṣàkẹ́ ló wà lókè pátápátá, òun ni oyè rẹ̀ ga jù. Mo wá orúkọ tèmi títí, kò sí. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ọdún mẹ́jọ nílé ọkọ, n kò tó ẹni tí wọ́n ń fi ṣe sójà!

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo pa ti kọ̀ǹpútà, mo pa ti fíláàṣì tó wà lára rẹ̀. Mo wá lọ gé ẹ̀fọ́.

Ọjọ́ Wẹ́sídè ni ọkọ mi tó mọ̀. N kò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di fíláàṣì yẹn mú. Ó ní, "Àbúrò mi ni. Àbúrò mi nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọkọ mi ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí i kó tó kú, oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìgbéyàwó wa. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Ìbàdíàrán ni mo ń pè é. Bùkọ́lá ló wà nínú ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni Àṣàkẹ́. Ìyá wọn, tí n kò bá láyé, àti ọkọ mi nìkan ló ń fi pè é. Lẹ́yìn tó kú, ọkọ mi kò dárúkọ rẹ̀ kankan nínú ilé mọ́. Òun àti ọmọbìnrin yẹn ló jọ bẹ̀rẹ̀ géèmù náà lórí kọ̀ǹpútà bàbá wọn, ọmọbìnrin náà ló sì fi ara rẹ̀ ṣe olórí ogun. Ibi tó bá a dé kó tó kú ni ọkọ mi ti ń bá a lọ.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo tilẹ̀ ti la ẹnu. Àfi bí ọkọ mi ṣe ní, "Kúnlé ni."

Kúnlé ti wá ní Sátidé tó ṣáájú, ó sì ti gbá géèmù náà díẹ̀ nígbà tí ọkọ mi lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Kò mọ ẹni tí Àṣàkẹ́ í ṣe. Ó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Kai, Láńre, jẹ́ kí Àṣàkẹ́ yìí kú abeg, ká tẹ̀ síwájú." Ọkọ mi wá gbà pé Kúnlé jẹ́ kí ọ̀tá pa á nínú géèmù ni, ó wá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí àṣírí má baà tú. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Àbí kí lo rò?"

Mo ní, "Ó lè jẹ́ òun o."

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Pípa tí mo pa á rẹ́, àìmọ̀ ni àti owú. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń ṣe nígbà tí mo sọ èyí.

Kúnlé búra títí, ọkọ mi kò gbọ́. Wọn kò kí ara wọn mọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn fẹ́ fi Kúnlé ṣe akọ̀wé, ọkọ mi dìde ní ìpàdé, ó ní òun kò lè fọwọ́ sí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun olóhun. Wọ́n mú ẹlòmíràn. Mo wà níbẹ̀, mò ń pín omi.

Èmi tí mo ń fura sí ọkọ mi tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ìfura tirẹ̀ ló wá ń bà mí báyìí. Ní ọdún tó kọjá, a ń jẹun, ó kàn bi mí pé, "Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tí géèmù yẹn parẹ́, ṣé o lọ síbi iṣẹ́?" Mo ní mo lọ. Ó ní, "Ó dáa." Kò bi mí mọ́. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti wò mí pẹ́, màá dìde, màá kó àwo lọ sí kíṣìnnì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó Kúnlé wá sílé wa. Ìwé wọn ti jáde, wọ́n ń kó lọ sí Kánádà. Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, "Mummy Tolú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ Daddy Tolú. Kúnlé ní òun máa gbà pé òun lòun ṣe é, kí àwọn má fi ìjà sílẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ wọn jẹ ẹ́ lógún ju ẹjọ́ lọ." Mo gbé e dìde. Omijé ń bọ́ lójú mi, ó rò pé àánú ni.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó wá ní, "Kó máa bọ̀ ní Sátidé. Ṣùgbọ́n kí ìwọ náà jókòó sí pálọ̀. Mo fẹ́ kó o máa wo ojú ẹ̀ tó bá ń jẹ́wọ́."

Kí ló dé tó sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ó ti mọ̀ ni, tó kàn ń dúró dè mí? Àbí kò mọ nǹkan kan, tí ẹ̀rí ọkàn mi ló ń dá mi lẹ́jọ́? Tí mo bá sọ ọ́, n kò mọ̀ bóyá ilé mi á dúró. Tí n kò bá sọ ọ́, ẹni ẹlẹ́ni á gba ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́ra lọ sí òkè òkun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fèsì. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ọkọ mi ni tàbí Kúnlé? Wẹ́sídè la wà lónìí. Ìyàwó Kúnlé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni àwọn máa dé.