Òkúta Wẹ́wẹ́ Ti Pọ̀ Jù Níwájú Ilé Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Bí mo bá ń kírun, n kì í mọ ibi tí mo kírun dé mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá níwájú ilé wa ní Igbó-Ọrà ló ń kí wa kú iṣẹ́, wọ́n ní iwájú ilé wa ti dà bíi ti àwọn olówó Ìbàdàn. Èmi á rẹ́rìn-ín, màá ní ẹ ṣeun. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń yìn yẹn ló sé ìyá ọkọ mi mọ́lé. Ìyá náà kò mọ̀. Ọkọ mi kò mọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni iwájú ilé wa. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Màmá, ìyá ọkọ mi, kì í sì í ṣe ẹni tó ń jókòó sínú yàrá. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n á mú ọ̀pá wọn, wọ́n á lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀bá títì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí ẹni tó ń lọ oko àti ẹni tó ń lọ ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ìròyìn kí rédíò tó sọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀ yẹn. Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí egungun kò fi ṣẹ́. Àtìgbà náà ni mo ti ń yọ ọkọ mi, Bàbá Ràfíù, lẹ́nu pé kí á da òkúta wẹ́wẹ́ síwájú ilé, kí á gbin òdòdó díẹ̀ sí i, kí ẹsẹ̀ ìyá má baà kan ẹrẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ṣé ohun tí ìyàwó burúkú máa ń rò nìyẹn?

Nígbà tí ọkọ mi gbà, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà lóròó àti níbùú, ó ní típà kan á tó, kó ṣáà ti bo ilẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Alásè ni mí, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe sàráà tàbí ìsọmọlórúkọ ládùúgbò wa, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, oúnjẹ tí kò bá ṣẹ́kù, kò tó nìyẹn. Ẹni tí oúnjẹ bá tán mọ́ lọ́wọ́ níbi sàráà, ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì máa gbọ́ ọ. Nítorí náà, bí mo ṣe máa ń wọn ìrẹsì ni mo ṣe wọn òkúta. Mo ní, "Bàbá Ràfíù, ṣé ẹ fẹ́ kí ará àdúgbò fi wá ṣẹ̀sín ni? Típà méjì ni ẹ jẹ́ ká rà." Ó ní, "Ìyá Ràfíù, òkúta kì í ṣe ìrẹsì o." Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn tí mo fi pe àwọn lébìrà tó fẹ́ bá wa tàn án kí wọ́n wá bá mi fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Awakọ̀ típà pàápàá gbè mí lẹ́yìn, ó ní kó ṣẹ́kù sàn ju kó má tó lọ. Kí ni ẹ retí kí ó sọ? Òun ló kúkú ń tà á.

Ọkọ mi sanwó típà méjèèjì. Wọ́n já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, n kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ òkìtì kankan kù. Gbogbo rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n tàn. Ẹ wá wò ó, ó dára lójú! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ lé e, ó ń mu ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, ó sì ń yẹ̀, àfi bí ẹni ń rìn lórí èkùrọ́. Kò ṣe àwa tí ara wa ṣì le ní nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá jáde. Ọ̀pá wọn rì, ẹsẹ̀ wọn rì tẹ̀ lé e, wọ́n gbọ̀n, wọ́n di ògiri mú, wọ́n padà sẹ́yìn. Wọ́n tún gbìyànjú lọ́jọ́ mìíràn, bákan náà ni. Ni wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹsẹ̀ mi ti parí. Ọjọ́ ti lọ." Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. N kò sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé bóyá òótọ́ ni, ṣebí àgbà ti dé sí wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí ẹlòmíràn nílé, mo ní kí wọ́n wá bá mi wo ewúrẹ́ wa lẹ́yìnkùlé. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, ògiri aládùúgbò ló yí i ká, kò sí ọ̀nà tó já síta. Ẹ gbà mí! Màmá rìn dé ìdí kànga, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa ewé fún ewúrẹ́, wọ́n sì rìn padà láìdì mí mú. Ìgbà yẹn ló yé mi pé òkúta ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn. Inú wọn dùn, àmọ́ wọ́n ní, "Bí fìtílà bá fẹ́ kú, ó máa ń kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ ná." Wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Kí ló dé tí n kò sọ? Ẹ̀rù ni. Sìkírà, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Èrúwà, kò fẹ́ràn mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi pé ìyàwó ló fi òkúta dí ìyá àwọn lọ́nà. Ta ni yóò gbà pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀? Ojú wo ni mo sì fẹ́ fi wo ọkọ tí mo sọ di ẹlẹ́yà lójú àwọn lébìrà? Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kí n kó o kúrò ní jẹ́jẹ́ ńkọ́? Òkúta típà méjì, tí gbogbo àdúgbò ń yìn, báwo ni wọ́n ṣe ń kó ìyẹn ní jẹ́jẹ́?

Ohun tó ń dá mi lóró jù ni àdúrà. Ní àràárọ̀ ni Màmá ń gbàdúrà fún mi pé àwọn ìyàwó ọmọ mi yóò tọ́jú mi bí mo ṣe ń tọ́jú àwọn. Àmín kì í jáde lẹ́nu mi mọ́. Wọ́n ti fún mi ní ìborùn funfun tí wọ́n fi ń lọ Jímọ̀. Lánàá, mo ń wá ibi tí màá gbin òdòdó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ni wọ́n pè mí láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, má gbin nǹkan kan síbẹ̀ yẹn o. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kí àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀ sin mí má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kó òkúta iwájú ilé."

Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí ìyá? Ṣé kí n gbé ṣọ́bìrì fúnra mi lójú gbogbo ayé, kí wọ́n bú mi bó ṣe wù wọ́n? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le koko ló ń múra ikú nínú ilé mi.