Ìdí Tí Ìyá Mi Fi Pa Ẹnu Dé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ǹ bá má sọ ọ́ láéláé, ṣùgbọ́n Bàbá mi náà ò fẹ́ jẹun mọ́ báyìí.

Èmi ni mo tọ́jú Ìyá mi ní Banigbé kí wọ́n tó kú. Oúnjẹ kì í lọ geere lọ́fun wọn mọ́. Bí wọ́n bá mu omi, á pá wọn lórí, wọn á máa wúkọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa gbé wọn jókòó dáadáa, kí n máa fún wọn ní ẹ̀kọ tó ki díẹ̀díẹ̀, kí n sì máa fọ ẹnu wọn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Mo po ẹ̀kọ. Mi ò fọ ẹnu. Ó ń rùn, ó sì ń rí mi lára. Ẹnu tí Ìyá fi fa ikun nímú mi nígbà tí mo wà ní ìkókó ni o.

Ọ̀sán ọjọ́ kan wà tí mo ṣì máa ń rí bí ẹni ń lálàá lójúmọmọ. Àwọn ará ilé ń se epo lẹ́yìnkùlé, èéfín rẹ̀ rọra bo àgbàlá, oòrùn ń gba inú rẹ̀ wọlé. Ìyá di ìka mi mú, wọ́n fi kan inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Mo rí egbò funfun kan, eyín tó ti jẹrà ń gún un. Mo fa ọwọ́ mi yọ. Ìyá wò mí pẹ́, bí ẹni ń wo ènìyàn tó ń lọ lókèèrè. Wọ́n wá pa ẹnu dé.

Nígbà tí ará ilé béèrè, mo ní Ìyá sọ pé ó ti tó, àwọn ò jẹ mọ́.

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó dùn létí gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìyá ti ń palẹ̀ mọ́, kí a má yọ wọ́n lẹ́nu. Níbi fidáù, àfáà fi Ìyá ṣe wáàsí, pé wọ́n gbọ́ ìpè Olúwa, wọ́n kọ oúnjẹ ayé. Àwọn èèyàn súre fún mi pé mo tọ́jú òbí. Mo ṣe àmín.

Ní báyìí, Bàbá ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí oúnjẹ bá dé. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Àjàṣẹ́: "Bon, ó dáa, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí Ìyá ṣe ṣe náà nù-un. À ń bọ̀ wá kí wọn."

Lánàá, nígbà tí ilé dá, mo gbé Bàbá jókòó. Mo fi aṣọ rírọ̀ àti omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu ẹnu wọn, mo rọra nu ibi tó bó. Kò rí mi lára rárá. Mo fún wọn lẹ́kọ. Wọ́n gbé e mì, wọ́n sinmi, wọ́n tún la ẹnu.

Wọ́n ní, "Ṣé ó kù ńbẹ̀?"

Ọ̀la ni ẹbí ń bọ̀ wá dágbére. Bí mo bá ní Bàbá ń jẹun, wọn á bi mí ní ohun tí mo ṣe, wọn á sì bi mí ìdí tí mi ò fi ṣe é fún Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún wọn pé ebi ló pa Ìyá?